Abúlé Màmá Kì Í Ṣe Oko Ìlú

Inú bí mi sí ọmọ màmá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú ní Queens lókè òkun, ó sì tún ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ará Poland ni màmá. Ó fẹ́ fojú kan ilé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ pátápátá, ìwé ìbí rẹ̀ ló sì máa fi gba ìwé ìrìnnà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní kí n bá a kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ìwé ìbí náà. Màmá fi ìka ya kaúńtì wọn, ìyẹn àgbègbè tí ìjọba pín wọn sí, fún mi lórí tábìlì: odò gba àárín kọjá, igbó wà lókè, oko àlìkámà àti ọ̀dùnkún tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀. Ìlú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ́fíìsì kaúńtì. Ìyókù pín sí márùn-ún. Gmina ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìjọba ìbílẹ̀ kékeré, pẹ̀lú àwọn abúlé tirẹ̀, tí abúlé kọ̀ọ̀kan sì ní olórí.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tí wọ́n bí sí oko kì í pe ara rẹ̀ ní ará oko. Oko ni wọ́n bí ìyá mi sí, Ọ̀yọ́ ló ń kọ. Mo bá kọ orúkọ ìlú fún màmá, mo rò pé mo bu ọlá fún un. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ́fíìsì ìlú náà dá fọ́ọ̀mù padà: orúkọ rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ wọn, gmina rẹ̀ ni kí a kọ̀wé sí.

"Ìwọ yìí, ṣé o tilẹ̀ lọ ilé ẹ̀kọ́ rárá?" ni ọmọ màmá bi mí.

Mo lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Àmọ́ òun tó ka yunifásítì, ṣebí òun ló buwọ́ lù ú láìwò ó?

Ojú máa ń tì mí, ṣùgbọ́n mo ti fọ́ọ̀mù tuntun síwájú rẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ fúnra yín, sà."

Ó kọ ọ́ dé ibi gmina, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Màmá, èwo ni?"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀mọ̀wé mi! Bi í, òun ló mọ̀ ọ́n."

Kò wojú mi tó fi bi mí. Mo sọ fún un pé èyí tó wà lódìkejì odò ni, lẹ́bàá igbó, mo sì pe lẹ́tà orúkọ rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ ọ́ tán, ó dìde, kò ní kí n má bínú.

Ẹsẹ̀ màmá ti wú ju ti ìgbà yẹn lọ. Mo ti gba ẹ̀bi tèmi. Ọmọ rẹ̀ ò tíì gba tirẹ̀.