Ọ̀já Lẹ́yìn Ọkùnrin

Kí n tó sọ bí mo ṣe di ẹlẹ́wọ̀n nínú yàrá ara mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ẹ̀yin ọkùnrin tó ń ka ìwé yìí, ta ló ti pọn ọmọ rí nínú yín? Ẹ má wo ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni, ní Ìwó, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ onítẹ̀bọmi ni mí, ìyàwó mi ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Ibà dá a dùbúlẹ̀, ó ń gbọ̀n lábẹ́ gbogbo aṣọ tí a ní. Àwọn obìnrin agboolé ti lọ sọ́jà ní Kuta. Ọmọ wa tó ń yọ eyín ń ké bí ẹni tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́. Mo gbé e jó, mo kọ orin ìsìn fún un, mo ṣojú bí ọ̀bọ, asán ni. Nígbà tó sú mi, mo mú ọ̀já ìyá rẹ̀, mo gbé e pọ̀n. Kíá ló dákẹ́, ó sì sùn.

Mo ní kí n yáa sáré lọ gba oògùn ibà ní dìsìpẹ́ńsárì kí wọ́n tó tìlẹ̀kùn. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Àwọn ẹgbẹ́ mi mẹ́ta ti gbé ọpọ́n ayò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ nìkan sì lọ̀nà àbájáde. Mo rọra padà sẹ́yìn bí olè.

"Tíṣà! Jáde wá jìyà ẹ!"

"Mò ń máàkì ìwé!"

"Ní Sátidé? Àbí ìyàwó ti so ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni?"

Ká ní wọ́n mọ ohun tí mo so mọ́ ara mi! Mo tú ọmọ sílẹ̀, ó figbe ta. Mo sáré gbé e pọ̀n padà. Mo wo fèrèsé: orí mi lè gbabẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n orí mi nìkan. Mo ké sí wọn pé kí ẹnìkan bá mi gba oògùn wá.

"Ṣé ẹsẹ̀ ẹ rọ ni? Jáde, ká jọ lọ!"

N kò sì lè sọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, nítorí wọ́n á wọlé wá kí i.

Níbi tí mo ti ń làágùn ni mo gbọ́ tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ níta: "Ẹ káàsán, Bàbá!" Bàbá mi ti toko dé. Bàbá mi kan náà tó di ọmọ yìí mú lọ́jọ́ ìkómọ bí ẹni di ìkòkò gbígbóná mú!

Ìyàwó mi lajú. "Oògùn ọ̀hún dà?"

"Àwọn ènìyàn wà níta." Mo tọ́ka sẹ́yìn mi.

Ó wò mí títí. "Kí n yáa kú, kójú má baà tì yín, àbí?"

Bàbá wúkọ́, wọ́n wọlé. Wọ́n rí mi. Wọ́n tìlẹ̀kùn, wọ́n bọ́ sẹ́yìn mi. Ìgbátí ni mò ń retí. Ọ̀já ni mo gbọ́ tó tú, tó sì tún fún pinpin.

"Ìdí ọmọ là ń gbà mọ́ra. Ṣé o fẹ́ kó já bọ́ ni?"

"Bàbá, níbo lẹ ti mọ̀ ọ́n?"

"Lábà. Àìsàn ń ṣe ìyá rẹ, ìwọ ń ké. Ta ló rí mi níbẹ̀?" Wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Má sọ pé èmi ni mo dì í o."

Mo jáde.

"Yéè! Ìyá ìkókó! Ẹ kú ewu ọmọ o!"

Ẹ̀rín ni wọ́n fi sìn mí dé òpópónà. Mo bojú wẹ̀yìn bóyá Bàbá, tí wọ́n ti jáde dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò sọ nǹkan kan. Òrùlé ni wọ́n ń wò.

Mo bá dìsìpẹ́ńsárì ní ṣíṣí, ìyàwó mi sì gbádùn. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ́kùnrin tó bá wá sọ fún mi pé òun fẹ́ gbéyàwó, ọ̀já ni mo ń kọ́kọ́ nà sí i. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wẹ̀yìn, wọ́n á gbà á.

Bàbá nìkan ni n kò rí tú sílẹ̀. Nígbà tí a bí ọmọ kejì, wọ́n wá kí wa. Wọ́n tìlẹ̀kùn, wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kí n gbé ọmọ lé àwọn lẹ́yìn.

Mo ní, "Bàbá, ooru mà ń mú o."

Wọ́n ní, "Jẹ́ kó mú."