Pẹ́pẹ́yẹ Kò Kan Ilẹ̀kùn Mọ́

Orúkọ gbogbo ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí wà lẹ́nu mi. Ojú mi ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀, orúnkún mi ń dún, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò tíì gba orúkọ kúrò lórí mi. Ẹni tó bá kí mi lẹ́ẹ̀kan péré lọ́jà Jíkwòyí, bó pẹ́ bó yá, tí mo bá tún rí i, màá pè é. Síbẹ̀, n kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbí. Nílé tí wọ́n fẹ́ mi sí, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, kì í sì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ. Ó ti mọ́ mi lára. Inú àdúrà ni mo kó orúkọ wọn sí, ibẹ̀ ni mo ti ń pè wọ́n láràárọ̀.

Ọkọ̀ nìkan ni mo lè dárúkọ. Pẹ́pẹ́yẹ ni. Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ó sún mọ́ ilẹ̀, ìdí rẹ̀ sì máa ń mì sọ́tùn-ún sósì tó bá ń lọ. Ọkọ̀ Jámánì ni, ilẹ̀kùn méjì péré. Ọ̀gá kan tí ọkọ mi ń wa ọkọ̀ fún ní ilé iṣẹ́ ìjọba ní Gàríkì ló tà á fún un nígbà tó fẹ̀yìn tì. Nígbà èwe rẹ̀, ọkọ̀ eré ni. Ọkọ mi máa ń sọ pé tí òun bá tẹ̀ ẹ́ lọ́nà Kàrṣí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ọ̀nà dá, ó máa ń dà bíi pé òpópónà ló ń sá bọ̀ wá bá òun, pé òun gan-an jókòó jẹ́ẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà Jíkwòyí ò mọ̀ pé ọkọ̀ eré ni. Kòtò lónìí, kòtò lọ́la. Bọ́ǹpù kan wà nítòsí ẹnu ọ̀nà wa, àwọn ará àdúgbò ló fi sìmẹ́ǹtì mọ ọ́n kí àwọn ọlọ́kadà má baà pa ọmọ wọn. Tí Pẹ́pẹ́yẹ bá gun bọ́ǹpù yẹn, abẹ́ rẹ̀ á dún: kọ́, kọ́, kọ́. Bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn gẹ́lẹ́. Láti ìdí máṣíìnì tí mo fi ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ni mo ti máa ń dá a lóhùn:

"Wọlé, kò sí ajá!"

Ọkọ mi á sì yọjú: "Okun o!"

Bí àwa ará ìwọ̀ oòrùn Kogí ṣe ń kí ara wa nìyẹn, àárọ̀ ni o, alẹ́ ni o, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Okun inú la fi ń gbé tìta, àbí? Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, Àbújá la bí i sí. Yorùbá ń wọ̀ ọ́ létí dáadáa, jíjáde lẹ́nu ló dìjà. Nígbà tó ṣì kéré, ó sáré pàdé bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Òkun o, Dádì!" Ó rẹ ohùn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó di omi ńlá tó wà ní Èkó. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Òkun! Ta ló gbé òkun wá sí Jíkwòyí? Omi ẹ̀rọ gan-an a ò rí!" Ọmọ náà bínú. Láti ìgbà náà, "Hẹ́lò, Dádì" ló kù.

Ọdún tí wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú Àbújá láti tún ojú rẹ̀ ṣe, tí àwọn èèyàn ńlá ń gba Kàdúná wọlé, ni ọkọ mi kú. A gbé e lọ sílé, a sin ín sí ẹ̀bá ilé bàbá rẹ̀. Omijé ò tíì gbẹ lójú mi tí wọ́n ti ń sọ fún mi pé kí n mọ́kàn le. Ará ìjọ ní kí n mọ́kàn le, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní kí n mọ́kàn le. Mo mú un le. Mo padà sídìí máṣíìnì mi.

Ọmọ mi a máa wa Pẹ́pẹ́yẹ jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí bátìrì má baà kú. Ọ̀sán ni, oòrùn á mú, abẹ́rẹ́ á máa lọ á máa bọ̀ lójú mi bí àlá. Nígbà náà ni màá gbọ́ ọ: kọ́, kọ́, kọ́. Ẹnu mi á ti dáhùn kí n tó rántí. "Wọlé, kò sí ajá." Ọmọ mi nìkan ló máa ń wọlé. Síbẹ̀, láàárín ìgbà tí ìró yẹn bá dún sí ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ọkọ mi wà láàyè. Ìyẹn ni mo fi ń gbé.

Nígbà tí ọdún fẹ́ yí po, mo ní Pẹ́pẹ́yẹ la máa gbé lọ síbi ìrántí rẹ̀ nílé.

"Mọ́mì," ọmọ mi ní, "Pẹ́pẹ́yẹ ò lè dé Gwagwaládà, ká má tíì sọ Lọ́kọ́ja."

"Ká gbé e lọ fún mẹkáníìkì bàbá rẹ nígbà náà."

Mẹkáníìkì náà wà ní Àpò, lábẹ́ igi máńgòrò kan tí epo ẹ́ńjìnnì ti pa ìdí rẹ̀ dúdú. Ọmọ Èkìtì ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun àfi ibi tó máa ń fọwọ́ pa. Òun àti ọkọ mi ti ń bá ara wọn jà lórí ọkọ̀ yẹn kí ọmọ mi tó parí iléèwé. Ó fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀ sókè, ó di táyà mú, ó mì í. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó jáde, ó ń mirí.

"Ìyá, ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ ti kú. Ṣọ́ọ̀kì iwájú kú, méjèèjì. Ti ẹ̀yìn, ọ̀kan kú, ìkejì ń kú lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òkú kí mi mọ́."

Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti sípánà lọ́wọ́. "Ẹ má bínú, Ìyá. Wọ́n sùn ni."

"Ìyẹn náà kọ́ ni òkú?"

Ọmọ mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà èmi, lẹ́yìn náà òun. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín. Mo wá bi í léèrè ohun tó wà lọ́kàn mi.

"Ìró tó máa ń ṣe lórí bọ́ǹpù ńkọ́?"

"Kọ́kọ́kọ́ yẹn?" Ojú rẹ̀ tàn bí ẹni fẹ́ fún mi lẹ́bùn. "Á lọ pátápátá! Ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́ láéláé."

Mo wo ọkọ̀ náà bó ṣe gbẹ́sẹ̀ sókè. Mo ní, "Ṣé kò lè gbé wa délé bó ṣe wà yìí?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ìyá, ìró yẹn, irin ló ń jẹ irin. Rọ́bà tó wà láàárín wọn ti ya. Tí wọ́n bá jẹ ara wọn tán lórí eré, ọmọ yín ló wà nídìí sítíárì."

Mo ní kó tú u.

Ó tẹ́ tapólì sábẹ́ igi, ó ń to ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ sórí rẹ̀ bí ẹni tó pa ẹran ọdún: apá irin, sípíríìnì, ṣọ́ọ̀kì tí òróró ti sun gbẹ lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, òdòdó máńgòrò ń já bọ́ sórí wọn. Eruku pupa wà nínú ihò irin kan, mo fi ìka gbọ́n ọn. Mo ní eruku ilé wa nìyí, ti ọjọ́ tí ọkọ mi gbé mi lọ síbi ọdún iṣu tuntun. Mẹkáníìkì ní, "Ìyá, Jíkwòyí náà ní eruku pupa." Mo ní kó jẹ́ kí n gbádùn ara mi.

Ó wá mú rọ́bà kan hàn wá. Kò pẹ́ tí wọ́n pààrọ̀ ìyẹn, ọkọ mi ló gbé e fún ẹnì kan lójú ọ̀nà kó ṣe é nígbà tí ara rẹ̀ ò le mọ́, tí kò lè wá sí Àpò. Ó ti fà ya.

"Ẹ wò ó. Rọ́bà yìí ò lẹ́bi. Wọ́n fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì so rọ̀ lórí jáàkì. Ìgbà tó wá sọ̀ kalẹ̀, tí ẹrù dé, rọ́bà ti lẹ̀ mọ́ ibi tí kì í ṣe àyè rẹ̀, ló bá lọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ fún un pa lókè. Ẹ jẹ́ kó tẹ ilẹ̀, kó gbé ẹrù rẹ̀ ná."

Mo gbọ́ ọ. Mo rántí gbogbo àwọn tó ní kí n mọ́kàn le.

Nígbà tó ti to ohun tuntun sí i tán, tí nọ́ọ̀tì ṣì dẹ̀, ó sún ọkọ̀ sórí kòtò tí wọ́n ń wọ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀, ó ní kí n wọlé jókòó sáyè mi, kí ọkọ̀ lè gbé ẹrù tó máa ń gbé lójú ọ̀nà. Mo wọlé.

"Báwo ni Bàbá ṣe wúwo tó, Ìyá? Mo lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan sí àyè wọn."

Mo ní, "Ìgbà wo?"

Torí ìgbà tó fẹ́ mi, sìmẹ́ǹtì ò ní tó o. Ìgbà ìkẹyìn, èmi àti ọmọ mi là ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, ó fẹ́lẹ́ bí aṣọ tí mo ń rán lọ́wọ́. Mo ní kí mẹkáníìkì ṣáà gbé sìmẹ́ǹtì wá.

Wọ́n gbé e wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Màlà kan tó ń jó irin lódìkejì pariwo: "Kai! Màmá, ilé lẹ fẹ́ kọ́ sínú mọ́tò?" Àpò náà jókòó sí kòtò tí ìdí ọkọ mi ti gbẹ́ sójú síìtì. Kò bá a mu. Ó rọra yẹ̀, ó fara tì mí léjìká bí ẹni tó ń tòògbé.

Mo di ojú mi. A ń kọjá ní Lọ́kọ́ja. Omi méjì ń pàdé lápá òsì, òkè ń dìde níwájú wa, ọkọ mi ń fi imú kọ orin ìjọ, ó ń gbà á gbòdì bó ṣe máa ń ṣe. Mo fẹ́ sọ fún un pé ibẹ̀ kọ́ ni ohùn ti ń ròkè. Ọ̀nà ń dán, kò sí kòtò kankan.

"Ìyá!" Láti abẹ́ ẹsẹ̀ mi ni ohùn náà ti wá. "Ṣé kí n fún un pa báyìí?"

Mo lajú. Ọmọ mi dúró lóòrùn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tí òun máa dúró sí. Ìyẹ̀fun sìmẹ́ǹtì wà léjìká mi.

"Ẹ dúró," mo ní. "Ẹ gbé sìmẹ́ǹtì yìí sọ̀ kalẹ̀."

"Ṣé ó wúwo jù ni?"

"Òun kọ́ ló máa wà á." Mo yíjú sí ọmọ mi. "Wá jókòó."

Ó fi ọwọ́ gbọn síìtì, ó wọlé, ó rì. "Mọ́mì, síìtì yìí jìn o."

"Á bá ọ mu."

"Ẹ má mí!" mẹkáníìkì kígbe látìsàlẹ̀. Ọmọ mi di imú mú lóòótọ́. A ń gbọ́ sípánà bó ṣe ń fún un, gíì, gíì, lábẹ́ èmi, lẹ́yìn náà lábẹ́ òun.

Nígbà tí a ń padà sílé, a gba Nyanya. Oòrùn ti ń wọ̀. Mo rí bọ́ǹpù wa tó ń bọ̀, mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ẹnu mi ti là sílẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ gùn ún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó rọra bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn sórí ẹní. Ìró kankan ò dún.

Ọmọ mi pa ẹ́ńjìnnì. A jókòó. Mo mọ̀ pé òun náà ń retí rẹ̀. Ó wo iwájú, ó wá sọ ohun tí kò sọ láti kékeré.

"Òkun o, Mọ́mì."

Ó tún rẹ ohùn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. N kò tún un ṣe.

"Wọlé," mo ní. "Kò sí ajá."