Mo Ń Wá Òkúta fún Abẹ Mi

Ní ọdún tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo sì padà sí Adó, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ rẹ̀ kejì. Inú gbogbo ilé ń dùn, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò balẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ní àpá kan lókè etí òsì, ibi tí irun kò hù sí mọ́. Àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ kan ní Ìgbẹmọ, ni abẹ rẹ̀ ṣe é léṣe lọ́jọ́ tí ó fá irun tí ọmọ náà bá wá sáyé. Àgbà yìí ni ìdílé wọn máa ń pè fún iṣẹ́ náà, kò sì sí ẹni tí ó tó sọ pé kí ó má ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí irin oko yẹn tún kan orí ọmọ mi. O ní abẹ òyìnbó. Bá mi tún un ṣe, kí n lè rí ohun tí màá fi bẹ Bàbá Ìgbẹmọ."

Òótọ́ ni, mo ní abẹ kan tí olùkọ́ wa fi ta mí lọ́rẹ, irú èyí tí a máa ń ká sínú èèkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nínú àpótí, ojú rẹ̀ sì ti kú. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lára mi. Ẹ̀rù bà mí, nítorí orí ọmọ tuntun rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí i tí ó ń mí. Inú mi sì tún dùn pé wọ́n kà mí sí ẹni tí ó lè ṣe nǹkan. Bí mo bá ti fẹ́ yọ̀, ẹ̀rù á dé. Bí ẹ̀rù bá ti fẹ́ borí, ayọ̀ á tún yọjú. N kò lè jẹun dáadáa.

Òkúta tí a fi ń pọ́n àdá ni mo kọ́kọ́ lò. Ó jẹ gbogbo ojú tí ó ti kú kúrò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi èékánná tọ ojú abẹ náà, ó ń há mi lọ́wọ́ bí eyín ayùn. Ó yẹ kí òkúta mìíràn wà tí yóò gbẹ̀yìn, tí yóò pa eyín wọ̀nyẹn rẹ́. Irú òkúta wo? Ìbéèrè yìí ni ó gba ọkàn mi.

Ní ilé wa, kò sí ohun tí ó kúnná tó osùn tí Yèyé, ìyá ìyá mi, ń lọ̀ fún ọmọ tuntun. Mo rò ó pé òkúta tí ó lè lọ igi kúnná tó bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì tún ojú abẹ ṣe. Mo lọ tọrọ ọlọ osùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi pọ́n abẹ ni, Yèyé."

"Yéè! Kí n wá máa fi ìpẹtà pa ọmọ lára?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọlọ àtijọ́ kan hàn mí lẹ́yìn ilé ìdáná. "Gbé ìyẹn. Bí abẹ náà bá mú, wá bá mi fá orí tèmi náà."

Mo fi òwúrọ̀ kan gbáko pọ́n ọn. Abẹ náà dán títí mo fi rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi kan apá mi, ńṣe ni irun dùbúlẹ̀ tí ó sì tún dìde, bíi koríko tí ewúrẹ́ rìn kọjá lórí rẹ̀. Ó dán, kò mú! Ó yà mí lẹ́nu gidigidi. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ọ̀kan náà ni ohun tí ó ń dán àti ohun tí ó mú. Nígbà tí mo fi ìka kan ọlọ náà dáadáa, mo rí i pé osùn ti lọ òun náà títí tí kò fi lè bu nǹkan jẹ mọ́.

Láti ọjọ́ náà, n kò lè rí òkúta kí n kọjá lọ. Mo ń ṣa ti etí odò, mo ń fi wọ́n pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí n lè mọ èyí tí ó kúnná. Obìnrin oníṣu kan ní Ọjà Ọba rí mi, ó sì kígbe pé, "Tíṣà, ṣé kí n bá yín wá epo tí ẹ ó fi jẹ ẹ́ ni?" Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo fi òkúta náà sápò.

Ilé-ìwé ni mo ti rí èyí tí mo ń wá. Síléètì akẹ́kọ̀ọ́ kan já bọ́, ó sì fọ́. Mo mú èérún kan, mo fi ìṣó ha á: ó rọ̀, ìṣó wọ inú rẹ̀ kíákíá. Mo fi ìka méjì ra ìyẹ̀fun tí ó jáde, n kò sì rí hóró kankan níbẹ̀. Mo da omi sí èérún náà, mo sì rọra fa abẹ lórí rẹ̀, láì tẹ̀ ẹ́. Omi náà di aláwọ̀ eérú. Lẹ́yìn náà mo fa irun kan tu lórí mi, mo gbé e sókè, mo fi abẹ kàn án. Ó já láìsí ariwo. Mo tún fa òmíràn, àti òmíràn, títí ẹ̀rù fi bà mí pé orí mi á pá. Báwo ni òkúta tí ìṣó ń ha ṣe lè pọ́n irin mú tó bẹ́ẹ̀? Mo rò pé àwọn hóró inú rẹ̀ ló kéré ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí yóò sọ fún mi bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Ní òwúrọ̀ tí wọn yóò fá irun ọmọ, àgbà náà dé láti Ìgbẹmọ. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Tíṣà, wọ́n ní o fẹ́ gba uṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Rárá o, Bàbá. Abẹ nìkan ni mo mú wá fún yín."

"Kí lo fi pọ́n ọn?"

"Síléètì ni, Bàbá."

"Èyí tí àwọn ọmọdé fi ń kọ A, B, D?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọmọ yìí á ti mọ̀wé kí irun rẹ̀ tó hù padà nìyẹn!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi ẹ̀gbọ́n mi. Ó di ọmọ rẹ̀ mú ṣinṣin.

Bàbá ní, "Abẹ tí yóò kan orí ọmọ wa, orí tìrẹ ni yóò kọ́kọ́ kàn. Jókòó."

Mo jókòó. Ó bu omi sí mi lórí, mo sì di ojú. Mo ń retí ìrora, àti ìtìjú tí yóò tẹ̀ lé e, nítorí ìtìjú ni mo bẹ̀rù jù. Ó fá a, ó fá a, lẹ́yìn náà ó dúró. Mo fọwọ́ kan orí mi, n kò rí ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí mo lajú, ó ń wo abẹ náà.

Ó rọra sọ̀rọ̀, ó ní, "Kò fani nírun. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ nípa àpá ọmọ yẹn o. Ẹ rò pé n kò gbọ́ ni." Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìyàwó, gbé e wá."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo mi orí pé kí ó gbé e fún un. Ọmọ náà yán nígbà tí abẹ kàn án, ó sì ń sùn lọ. Nígbà tí Bàbá parí, ẹ̀gbọ́n mi fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí ọmọ rẹ̀ láti iwájú dé ìpàkọ́, ó yí ọwọ́ rẹ̀ padà, ó wò ó. Ó tún pa á, ó tún wò ó. Omi lásán ni ó wà níbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Bí ó ti gbójú sókè ni ó rí mi, irun kún ìdajì orí mi, ìdajì kejì pá kodoro, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ wo Tíṣà!"

"Jẹ́ kó padà jókòó," ni Bàbá wí. "Ẹ bá mi bu omi sí i."