Tábìlì Tí Sewanu Wọ̀ Láṣọ

Bí ẹ bá dé Gberefu, tí ẹ dárúkọ olóògbé Sewanu, ọjọ́ tí òun àti tábìlì jọ dọ̀bálẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín.

Dosi, ìyàwó rẹ̀, ló ni tábìlì náà. Ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Atẹ́gùn òkun ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, Dosi sì fẹ́ kó padà dára, kóun lè máa jẹun níbẹ̀ bí ìyá òun ti máa ń ṣe. Sewanu, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ọkọ̀ ojú omi oní-fáíbà ṣe, ní kò sí wàhálà. Ó ra aṣọ dúdú aláràbarà tí wọ́n ń pè ní káábọ̀n fáíbà. Ó po gọ́ọ̀mù tó máa fi lẹ̀ ẹ́, ó sì da oògùn tó ń jẹ́ kó tètè gan sí i yanturu, bó ṣe máa ń dà á fáwọn apẹja tó ń kánjú padà sókun. Ibi tó ti ń tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀ ni apá bùbá rẹ̀ ti wọnú gọ́ọ̀mù. Kó tó ṣẹ́jú, ó ti gan mọ́ tábìlì.

Àfi bí Sagbo, ẹ̀gbọ́n Dosi, ṣe dé láti Kankon. Ọkọ kì í kí àna lóòró. Sewanu dọ̀bálẹ̀, tábìlì sì tẹ̀ lé e, gbìì!

"Sewanu, kí lèyí?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Tábìlì ìyá yín ló ní òun náà fẹ́ kí yín."

Dosi ló fi sísọ́ọ̀sì gbà á sílẹ̀. Ẹ̀rín kò jẹ́ kó tètè rí i gé.

Nígbà tíṣẹ́ parí, tábìlì ń dán bíi dígí. Látọjọ́ náà, kò sí àlejò tí Sewanu kì í fà wọlé. "Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òfúrufú lẹ̀ ń wò yìí o!"

Abdulrauf tó ń fọkọ̀ gbé èrò kọjá ọ̀sà bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó lè fò?"

"Á fò." Ó nawọ́ sí Dosi. "Ìyá Mercy ni kò gbà."

Àmọ́ kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jẹun níbẹ̀. Bí Dosi bá gbé àwo dé ibẹ̀ báyìí, ẹ ó gbóhùn rẹ̀ láti ìdí ọkọ̀: "Ìyá Mercy, dìde níbẹ̀! Epo á kán sí i!"

"Ṣebí tábìlì ìyá mi ni!"

"Tìẹ ni. Dídán rẹ̀ ni tèmi."

Dosi á kùn, á gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ sórí ẹní.

Sewanu kú lásìkò òjò tó kọjá. Nígbà táwọn àlejò tú ká tán, Dosi gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja yíyan, ó jókòó sídìí tábìlì ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e. Àárò ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ débi pé ó ki ìka bọ ọbẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ kán epo sórí dídán náà.

"Bàbá Mercy, ó ti kán sí i o. Ẹ wá lé mi dìde."