Bí A Ṣe Ń Pe Bíìgì Máànù Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kóòṣì wa fẹ́ràn ju owó oṣù rẹ̀ lọ: "bíìgì máànù." Ní Ìlọrin, bí o bá pe ẹnì kan ní bíìgì máànù, jíìpù ló máa kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, àti ikùn, àti ẹni tó ń bá a gbé fóònù lẹ́yìn. Lọ́dọ̀ kóòṣì, ọkùnrin gíga tó ń dúró sábẹ́ agbọ̀n lórí pápá básíkẹ́ẹ̀tì ni. Inú fídíò àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà, ibẹ̀ náà ló sì ti kó imú tó fi ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ìrìn àjò tó jìnnà jù tí mo mọ̀ mọ́ ọn kò kọjá Ọ̀fà.

"Bọ́ọ̀lù tí kò bá kan bíìgì máànù lọ́wọ́," kóòṣì máa ń wí, á sì fi bírò gbá pátákó funfun rẹ̀, "eré ọmọdé ni!"

Èmi ni mo ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn, tí mo sì ń sọ ibi tí oníkálukú yóò dúró. N kò fẹ́ràn básíkẹ́ẹ̀tì tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ni mo fẹ́ràn. Ẹni tó bá wà nínú ikọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ń rí bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí wọ́n bá lé kúrò nínú ikọ̀, kó gba ilé lọ. Ilé tèmi ni yàrá ẹ̀gbọ́n ìyá mi l'Ọ́jà Tuntun, níbi tí àwa méje ti ń pín ẹní méjì, tí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn sì máa ń jẹ́ ìrọ̀rí mi.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí kóòṣì rí bíìgì máànù gidi. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ó ń ka èdè Lárúbáwá, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó sì ga débi pé ó máa ń tẹrí ba kó tó lè wọ kíláàsì, àwọn olùkọ́ sì rò pé àwọn ló ń kí. Inú kóòṣì dùn bí ẹni pé òun ló bí i. Èmi wá ibi tí mo máa gbà sá. Alfa mi ni. Òun ló kọ́ mi ní kéwú nítòsí Ìpàtà nígbà tí mo wà ní kékeré, bùlálà rẹ̀ sì mọ ẹ̀yìn mi ju kànìnkàn lọ.

Ó wò mí láti òkè. "Àṣé ìwọ nìyí? Ibi tí a parí sí ńkọ́, o ti kà á tán?"

"Mo ń kà á lọ́wọ́, Alfa." Ó ti tó ọdún mẹ́wàá.

Kóòṣì wá fẹ́ kí n máa pàṣẹ fún ọkùnrin yìí. Ṣé kí n la ẹnu kí n sọ fún Alfa mi pé "Bọ́ sábẹ́ agbọ̀n!" bí ẹni ń lé ewúrẹ́? Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ jọ gbá bọ́ọ̀lù, mo lo "ẹ."

"Ẹ bọ́ sábẹ́ agbọ̀n!"

Àwọn mẹ́ta yòókù gbọ́ "ẹ," wọ́n rò pé gbogbo wọn ni mo ń bá wí, gbogbo wọn sì rọ́ lọ sábẹ́ agbọ̀n. Àwọn tó ń ṣọ́ wọn rọ́ tẹ̀lé wọn. Ibẹ̀ dà bí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ tó kẹ́yìn ní Ọ̀fà Gárèèjì. Alfa wà láàárín wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ké, "Ẹ ṣe sùúrù! Ẹ ṣe sùúrù!" Bọ́ọ̀lù tí mo jù lu ẹnì kan létí.

Kóòṣì fọn fèrè. "Ta lo ní kó lọ sábẹ́ agbọ̀n?"

"Alfa ni, sà."

"Alfa jẹ́ mélòó?"

"Ẹyọ kan ni, sà."

"Báwo ló ṣe di mẹ́rin?"

Ó kéde lójú ẹsẹ̀ pé kò sí "ẹ" lórí pápá mọ́. "Ní Amẹ́ríkà, mi ò tíì gbọ́ kẹ́nikẹ́ni sọ 'ẹ' rí." N kò lè já a nírọ́.

Alfa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kóòṣì ló ni pápá," ó wí jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n bó o bá fẹ́ bá èmi sọ̀rọ̀, 'ẹ' nìkan gan-an kò tó. Fi 'jọ̀wọ́' sí i. Àbí kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi lo ti kéwú ni?"

Mo fi "jọ̀wọ́" sí i. "Alfa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bọ́ sábẹ́ agbọ̀n." Kí n tó dé "agbọ̀n," àwọn tó ń ṣọ́ wa ti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi, wọ́n ti jù ú sáwọ̀n, wọ́n ti ń bọwọ́ ara wọn.

"Ìwé ìwáṣẹ́ lò ń kọ ni?" ni ọ̀kan nínú ikọ̀ wa bi mí.

Ní Ọjọ́bọ̀, kóòṣì bá mi sọ ọ́ láìlo imú rárá, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé kò ṣeré. Ìdíje wa pẹ̀lú kọ́lẹ́ẹ̀jì kan láti ìlú míràn ku ọjọ́ méjì. "Bí bíìgì máànù mi kò bá rí bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ rẹ ní Sátidé, kó ẹrù rẹ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì."

Ní Sátidé, Alfa wọ ṣòkòtò gígùn sábẹ́ níkà ikọ̀ wa, ó ní ìhòòhò ẹsẹ̀ òun kì í ṣe ohun tí èrò máa sanwó wò. Wọ́n ṣọ́ ọ bí ẹni ṣọ́ báńkì. Èmi ń bẹ̀ ẹ́, "ẹ jọ̀wọ́," wọ́n ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àmì ẹyọ kan ni wọ́n fi ń ṣáájú wa. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó ń ṣọ́ mi sì ti fẹ́ wọ inú aṣọ mi. Ohun tí mo fẹ́ ni kí Alfa jáde wá bá mi fi ara dí i. Mo rí ẹní l'Ọ́jà Tuntun. Mo rí ẹsẹ̀ tí yóò jẹ́ ìrọ̀rí mi.

"Ẹ jáde!"

Kò sí "Alfa," kò sí "jọ̀wọ́." Àwọn mẹ́ta yòókù sá jáde, àwọn tó ń ṣọ́ wọn sì sá tẹ̀lé wọn. Ẹni tó ń ṣọ́ Alfa náà gbọ́ Yorùbá, ó sáré síta lọ dúró dè é. Alfa nìkan ni kò mira. Ó dúró sábẹ́ agbọ̀n lóun nìkan, gẹ́gẹ́ bí òpó iná. Mo ju bọ́ọ̀lù sí i. Ó ní "Bìsìmílà," kò tilẹ̀ fò, ó kàn gbé e sínú agbọ̀n bí ẹni tó ń kó ìwé sórí pẹpẹ.

Fèrè dún, a ti fi àmì ẹyọ kan borí. Kóòṣì ti gbé pátákó rẹ̀ jáde, ó ya òdo mẹ́rin síta, ó ya ẹyọ kan sínú. "Mẹ́rin síta, bíìgì máànù nìkan nínú! Ṣé kì í ṣe ohun tí mò ń wí látọjọ́ yìí nìyẹn?" Imú rẹ̀ ti padà dé. Ó ní kí n ṣàlàyé fún àwọn yòókù bí mo ṣe ronú rẹ̀. Mo ṣàlàyé. Kí n má purọ́, èmi náà fi imú díẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà, mo bá Alfa níbi tó ti fẹ́ ṣe àlùwàlá. Mo gba bútà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń da omi sí i lọ́wọ́.

"Nígbà tó o pariwo 'Ẹ jáde,' ta lò ń bá wí?"

Mo rántí bẹ́ẹ̀dì mi, àti àlàyé tí mo ti ṣe lójú kóòṣì. "Àwọn ọmọ yẹn ni, Alfa."

Ó mi orí. "Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò fi mira nìyẹn. Tó bá jẹ́ èmi lò ń bá wí, o ò ní gbàgbé 'jọ̀wọ́.'"

Mo tẹ bútà síwájú sí i, kí omi lè dún kó bo ẹ̀rín mi mọ́lẹ̀.