Àfòpiná Inú Ọyẹ́

Ọmọ mi obìnrin ló gbé fóònù lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa tẹ àkọsílẹ̀ bàbá òun sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn tó ń ṣọ́ àfòpiná ti ń kó iye tí wọ́n rí jọ. Mo ní, "Èmi arúgbó?" Ó ní kò sẹ́ni tó tún lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Òótọ́ kúkú ni. Ibi tí adìẹ talẹ̀ sí ṣeé kà jù ú lọ.

Ìwé mẹ́sàn-án ni ọkọ mi fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Ní gbogbo àárọ̀, tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, tí àwọn yòókù ń sáré lọ mu ẹ̀kọ, wọ́n á dúró sídìí ògiri mọ́ṣáláṣí wa ní Ṣakí, wọ́n á máa ka àfòpiná tí iná ti kó jọ síbẹ̀. Àwọn kan dà bí eérú, àwọn kan dà bí ewé gbígbẹ. Èyí tó tóbi jù ni èyí tí kànní máa ń dà, kòkòrò tó ń rákò tí à ń ká lórí igi emi, tí à ń sá gbẹ, tí a sì ń fi sebẹ̀. Àwọn èèyàn á ní, "Àfáà, ṣé ẹ fẹ́ sè é lọ́bẹ̀ ni?" Ọkọ mi á bú sẹ́rìn-ín. Háà, àárò ẹ̀rín yẹn ń sọ mí.

Tí wọ́n bá kó iṣu lọ sí Ìgbòho, èmi ni wọ́n ń fi kíkà náà lé lọ́wọ́. "Ìyá wọn, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ọjọ́ kan fò." Mo sì ń kà á. Àmọ́ lọ́dún kan, nínú ọyẹ́, mo wà nínú oyún, òtútù sì wọ̀ mí dé eegun. N kò dé ìdí ògiri kankan. Ìdí ààrò ni mo jókòó sí tí mo hùmọ̀ iye kan kọ sílẹ̀: àfòpiná kànní, mẹ́rin. Ta ni yóò wá yẹ̀ mí wò?

Báyìí, bí mo ṣe ń tẹ àwọn ìwé náà sórí fóònù, mo kan ojú ewé ọjọ́ yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ fún ọmọ pé mo purọ́ fún bàbá rẹ̀.

Kò pé ọjọ́ méjì tí ẹni tó ń yẹ àkọsílẹ̀ wò níbẹ̀ kọ̀wé sí mi: ṣé lóòótọ́ la rí kànní tó ti hu ìyẹ́ nínú ọyẹ́? Tí kò bá dá wa lójú, àwọn ò ní lè gba ìwé náà. Yéè! Ọmọdé tó ń ká kànní mọ̀ pé inú ilẹ̀ ló ń sùn sí lásìkò ọyẹ́, ó di òjò àkọ́rọ̀ kó tó fò jáde. Èmi tí mo ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré! Irọ́ mi kan ṣoṣo fẹ́ ba iṣẹ́ ọkọ mi jẹ́.

Mo pinnu pé mà á jẹ́wọ́. Mo gbé ìwé náà láti ya ojú ewé yẹn ní fọ́tò, ni mo bá rí ohun tí ọkọ mi fi pẹ́ńsùlù kọ sẹ́yìn rẹ̀, wínníwínní: "Ẹ má ka ti ọjọ́ yìí mọ́ ọn. Ó rẹ ìyàwó mi."

Wọ́n mọ̀. Títí wọ́n fi kú, wọn ò bi mí.

Mo sunkún títí. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ̀wé sí mi, bí ọkọ mi ṣe kọ ọ́ gan-an.