Fítámì Dán Ọbẹ̀ Ìyá Ìyàwó Wò

Fítámì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ àbúrò mi, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni pé wọ́n fi joyè ni. Èmi ni mo tọ́ ọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Tí ẹ bá rí ìwà kan lára rẹ̀ tó dáa, ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ. Èyí tó kù, ilé-ìwé ló ti kó o wá.

Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ omi èso sínú páálí ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀wù funfun ló ń wọ̀ bíi dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kò rí aláìsàn kankan rí. Omi ọsàn ló ń tọ́jú. Á bu díẹ̀ sínú ife, á da sítáàṣì díẹ̀ sí i, á wá máa kán oògùn pupa rúsúrúsú kan tí wọ́n ń pè ní áyódíìnì sí i ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Bí fítámì Sí bá wà níbẹ̀, á máa gbé oògùn yẹn mì, omi ò ní yí padà. Tí fítámì bá ti tán, omi á dúdú lójijì. Ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n, iṣẹ́ tó ń ṣe látàárọ̀ ni kó máa wo omi bóyá ó máa dúdú.

Tó bá dé ilé, ẹ gbà mí! Ẹ̀fọ́ kì í jókòó lórí iná lọ́dọ̀ rẹ̀, ó kàn ń kí iná ni, ó ń kọjá lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ọsàn, ẹnu yín gbọ́dọ̀ ti là sílẹ̀ kó tó gé e, kí atẹ́gùn má baà jí nǹkan inú rẹ̀ lọ. Mílíìkì rẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé bí ẹni tó sá fún ọlọ́pàá, torí ó ní ìmọ́lẹ̀ máa ń pa fítámì kan nínú rẹ̀.

Orí tábìlì tó yẹ kí èèyàn ti jẹun ló ti ń mọ ìyẹ̀fun róbótó-róbótó. Á pa á láró, dúdú, pupa, funfun, á fi igi ìtayín so wọ́n pọ̀. Ó ní bí fítámì ṣe rí nìyẹn téèyàn bá ní ojú tó lè rí i. Fítámì Sí kúrú. Ó ní òrùka onígun márùn-ún, dúdú mẹ́rin, pupa kan, ìrù kékeré kan wá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ kún gbogbo ara rẹ̀. Ó ní ọwọ́ yẹn ló fi ń di omi mú, ìyẹn ni kì í fi í ṣòro fún un láti bá omi sá lọ. Èyí tó ń fún kárọ́ọ̀tì láwọ̀ wá gùn gbọọrọ, bí okùn tí wọ́n ta kókó sí lórí àti nídìí.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí wá ni gbogbo wọn ń ṣe fúnni. Ó ní nínú ara wa, àwọn nǹkan tíntìntín kan wà tó yẹ kó ní nǹkan méjì méjì lọ́wọ́, àmọ́ ọ̀kan ti sọ nù lọ́wọ́ wọn. Ni wọ́n bá ń já tẹlòmíì gbà. Ẹni tí wọ́n já tirẹ̀ gbà, òun náà á lọ já ti ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló bá dìjà káàkiri ara. Fítámì Sí ló máa wá bọ́ sáàárín, á ní, "Ẹ gbà, ẹ mú tèmi," á fún wọn, kò sì ní tìtorí ẹ̀ máa já tẹnikẹ́ni gbà.

Mo ní, "Àṣé àpọ́n tó ń já ìyàwó oníyàwó gbà ni wọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀, Màmá àgbà."

"Ìwọ tó o wá jẹ́ àpọ́n ńkọ́? Ta ló máa sọ fún ìwọ náà pé gbà?"

Ló bá dìde, ó lọ fọ kárọ́ọ̀tì.

Kì í ṣe pé obìnrin ò wá o. Olùkọ́ kan wá, ó dín ọ̀dùnkún fún un, ó sì rẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e. Fítámì ṣí ìkòkò wò, ó ní, "Háà, o ti pa á." Obìnrin náà ní, "Ta ni mo pa?" A ò rí i mọ́.

Ìgbà tó yá ni obìnrin aránṣọ kan ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì wa. Bọ́tìnnì tó ń já lára ẹ̀wù funfun wá pọ̀ lójijì. Mo bá Fítámì níbi tó ti ń fi sísọ́ọ̀sì gé ọ̀kan. Mo kàn ní kó rọra, kó má gé ẹ̀wù. Aránṣọ náà ò ya òpè. Ó ń gán bọ́tìnnì, ó ń jẹ kárọ́ọ̀tì tútù tí wọ́n bá gbé wá fún un, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ fún un lójú mi: "Èmi fẹ́ yín. Àmọ́ ìyá mi nìkan ni mo ní. Bí wọn ò bá fẹ́ yín, mi ò ní bá wọn jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wò yín."

Lọ́jọ́ tí ìyá ń bọ̀, ọmọ mi ò jókòó. Ó fa kọ́tìnnì bo fèrèsé. Ó to kárọ́ọ̀tì tútù yí àwo ká, ó to kábéèjì tútù sáàárín. Mo ní, "Ṣé àlejò là ń retí àbí ehoro?" Ó tún to kárọ́ọ̀tì kan sí i.

Ìyá aránṣọ wọlé, ó fi gèlè so abọ́ kan mọ́ra. "Mo sè é wá ni. Ilé ọkùnrin tó ń dá gbé, èèyàn ò mọ ohun tó máa bá níbẹ̀." Ó ṣí i. Kárọ́ọ̀tì àti ọ̀dùnkún ni, ó fi epo sè é, ó pò ó pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun, ó ti jinná débi pé kárọ́ọ̀tì ti gbàgbé pé òun le rí. Mo wo ẹnu ìyá náà, mo rí ìdí ẹ̀. Eyín tó kù níbẹ̀, wọ́n ti ń dágbére fúnra wọn.

Fítámì ní, "Ẹ ṣeun gan-an, Màmá." Ẹnu rẹ̀ ló ń dúpẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti wọ àpò. Kí n tó pariwo, ó ti bu omi ọbẹ̀ sínú àwo kékeré kan, ó ti yọ ìgò áyódíìnì, ó ti kán an. Omi ọbẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ìyá aránṣọ nàka sí àwo kékeré náà.

"Kí lo kán sọ́bẹ̀ mi?"

"Mò ń dán an wò ni, Màmá."

"Kí lò ń dán wò nínú ẹ̀?"

"Bóyá ó ti kú ni." Ó wo inú àwo. "Ó ti kú, Màmá."

"Yéè! Májèlé!" Ìyá ti dìde. "Ọbẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi sè ló ń dán wò bóyá mo fẹ́ pa á! Ọmọ mi, dìde, jẹ́ ká máa lọ!"

Mo ní, "Àbúrò mi, ẹ dákun, ẹ jókòó, iṣẹ́ ló ti bà á lórí jẹ́."

Fítámì ní, "Kì í ṣe májèlé, Màmá. Ìyẹ̀fun tẹ́ ẹ fi sí i ló dúdú."

"Ìyẹ̀fun mi náà ti wá ṣẹ̀!"

Aránṣọ ò dìde. Ojú ọkùnrin yẹn ló ń wò, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kán an? Ẹ sọ fún ìyá mi."

Èmi ń ṣẹ́jú sí i láti ẹ̀yìn. Purọ́, ìwọ ọmọ yìí. Purọ́ díẹ̀. Sọ pé iyọ̀ ni.

Ó ní, "Ó ti mọ́ mi lára ni. Ohun tí mo bá fẹ́ jẹ, ọwọ́ mi á ti kán an kí n tó mọ̀. Mi ò ronú nípa yín rárá, Màmá. Ohun tí mo ṣe yẹn ò dáa. Ẹ má bínú."

Ìyá ní, "Nítorí náà, kò sóhun tó dáa nínú ọbẹ̀ mi?"

Ibẹ̀ ló yẹ kó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Fítámì Sí ti lọ. Mi ò lè sọ fún yín pé kò lọ." Mo fọwọ́ bojú. Ó sáré gbé okùn ìyẹ̀fun gbọọrọ yẹn, ti kárọ́ọ̀tì, wá, ó tẹ́ ẹ síwájú ìyá. "Ṣùgbọ́n eléyìí wà níbẹ̀, Màmá. Oògùn mi kì í wá a. Ẹ wò ó, kò lọ́wọ́ tó lè fi di omi mú, epo nìkan ló mọ̀. Nínú kárọ́ọ̀tì tútù, ó ti ara rẹ̀ mọ́lé. Téèyàn bá jẹ ẹ́, bí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣe wọlé náà ló máa jáde. Iná yín ló ṣílẹ̀kùn fún un, epo yín ló pọ̀n ọ́n. Ká sòótọ́, tinú ọbẹ̀ yín máa wọ ara ju tinú tèmi lọ."

Ó wo àwo kárọ́ọ̀tì tútù tó ti ń tò látàárọ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde.

Ìyá ní, "Tìẹ tó wà lórí tábìlì yìí wá ńkọ́? Kí ló wúlò fún?"

"Ó dáa fún eyín, Màmá."

Mo ní ó parí.

Ìyá la ẹnu, ó fi gbogbo inú ẹ̀ hàn án. "Èwo nínú wọn?"

Aránṣọ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbógun tì í, ẹ̀rín borí rẹ̀. Ó jókòó. "Eyín ló jẹ́ kí n sè é rọ̀, mi ò mọ okùn, mi ò mọ kókó. Bu ọbẹ̀ kó o jẹun. Tọ́wọ́ ẹ bá tún wọ àpò, màá gé e."

Ó jẹ ẹ́. Ó tún bù ú. Ọmọ tí kò jẹ nǹkan tó rọ̀ láti ìgbà tó ti kúrò lẹ́yìn mi!

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ìyá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín yìí ò gbọ́n."

"Mo mọ̀."

"Ṣùgbọ́n kò mọ irọ́ í pa. Ọkùnrin tó wá fẹ́ ọmọ mi ṣáájú ẹ̀, ẹnu ẹ̀ dùn ju oyin lọ. A ò tíì rí òótọ́ kan mú nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ títí dòní." Ó pe ọmọ rẹ̀. "Ṣé ká máa lọ?"

Aránṣọ ti ká apá aṣọ sókè. "Ẹ máa lọ níwájú, Màmá. Mo fẹ́ bá wọn palẹ̀ mọ́."

Ìyá wò mí, èmi náà wò ó. Arúgbó méjì, a bọ́ síta. Láti ẹnu ọ̀nà la ti gbọ́ ohùn Fítámì nínú kíṣìnnì: "Ṣé o rí i, ìdí tí ẹ̀fọ́ ò fi gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú omi ni pé..."

"Ẹ fọ abọ́," aránṣọ ní.

A gbọ́ tí omi ń dà. Ó ń fọ abọ́.